Ọdún Tuntun àti Ọbẹ̀ Ẹlòmíràn

Bí ọdún bá ti ń yí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ a máa gba ẹnu tàgbà tèwe. Ní ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà, ìrẹsì àti adìẹ ni wọ́n fi ń kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ káàbọ̀, àwọn ọmọ a sì máa gbé àwo oúnjẹ tí a bò mọ́lẹ̀ láti ilé kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n àṣà mìíràn ti ń gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú ńlá. Wọn a pinnu pé ní ọdún tí ó wọlé yìí, àwọn yóò jẹ ohun tí àwọn kò jẹ rí, ní ibi tí àwọn kò dé rí. Ọmọ Ìbàdàn tí ó wà ní Kánò a wá ibi tí wọ́n ti ń ta túwó lọ. Ọmọ Kánò tí ó wà ní Èkó a lọ jókòó sí ìdí ọbẹ̀ àwọn ará Kàlàbá. Wọn a dá owó jọ, wọn a jẹ, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì túká.

Àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn àṣà yìí rárá. Wọ́n ní wọ̀bìà ni. Wọ́n ní ẹni tí ó ní ààrò nílé tí ó ń jẹun níta ń tú ilé ara rẹ̀ ká ni, àti pé owó tí ó yẹ kí a fi ra ìwé fún ọmọ ni a ń kó fún olóúnjẹ. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìdáhùn tiwọn: wọ́n ní ọ̀làjú ni, wọ́n sì ń rán àwọn àgbà létí pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àríyànjiyàn yìí dàbí eré, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe eré. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ oúnjẹ ìran mìíràn, tàbí tí ó bá kọ̀ ọ́, kí ni ó ń sọ nípa àwọn tí ó ni oúnjẹ náà? Àwọn olùkọ́ ni ọ̀ràn yìí kàn jù lọ, nítorí pé nínú ọgbà ilé-ìwé ni ọmọdé ti sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ohun tí ìyá rẹ̀ sè ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe òní ni aráyé ti ń fi oúnjẹ ṣí ọdún. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí ẹgbodò bá jáde ni wọ́n ń ka ọdún sí pé ó yí. Iṣu tuntun náà kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tí ó gbìn ín kí wọ́n tó fi bọ òrìṣà, kí ọba àti àwọn àgbà ìlú sì tó tọ́ ọ wò. Àwọn Ígbò ní Iri Ji tiwọn, tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní oṣù Ògún. Ní etíkun ilẹ̀ Gánà, àwọn Gã ń ṣe Homowo, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé a fi ebi ṣe ẹlẹ́yà. Fún nǹkan bí oṣù kan ṣáájú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró ìlù ní ìlú. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn a fi àgbàdo àti epo pupa se kpokpoi, wọn a fi ọbẹ̀ ẹyìn tí ó ní ẹja jẹ ẹ́, ọba wọn a sì máa bu oúnjẹ náà wọ́n sílẹ̀ káàkiri ìgboro kí àwọn òkú ọ̀run lè jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù ni àwọn Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gàl ń pè ní Tamxarit. Kúsúkúsù tí a fi jéró ṣe ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn ọmọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin, àwọn ọmọbìnrin a wọ aṣọ ọkùnrin, wọn a sì máa ti ilé dé ilé láti tọrọ ohun ọdún. Àwọn Haúsá ń pe ọjọ́ kan náà ní Cika Ciki, èyíinì ni pé kí inú kún.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oúnjẹ tí a fi ń ṣí ọdún, kò sí èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ ronú lé lórí bí ọbẹ̀ elégédé ti àwọn ará Háítì, tí wọ́n ń pè ní soup joumou. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1804, Jean-Jacques Dessalines kéde òmìnira ilẹ̀ náà ní ìlú Gonaïves, lẹ́yìn tí àwọn tí a ti kó lẹ́rú ti fi ogun lé àwọn ọmọ-ogun Faransé lọ. Àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Yorùbá wà nínú àwọn ẹrú wọ̀nyí, nítorí pé títí di òní ni orúkọ Nago àti orúkọ Ògún ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará Háítì. Ìtàn tí àwọn òbí ń sọ fún ọmọ níbẹ̀ ni pé àwọn ẹrú ni ó ń se ọbẹ̀ elégédé náà ní ìgbà ìsìnrú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọn nìkan ni ó ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sè é ní ilé gbogbo ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, tí a sì ń bù ú fún aládùúgbò àti àlejò. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Kì í ṣe ẹran tàbí ata inú rẹ̀ ni ó sọ ọbẹ̀ yìí di ọbẹ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ nípa ta ni a gbà láyè kí ó jẹ ẹ́ ni.

Ohun kan tí ó jọra nínú gbogbo èyí ni pé oúnjẹ tí ó ṣí ọdún kì í dúró sí inú ilé ẹni tí ó sè é. A fi fún òrìṣà, a fi fún òkú, a fi fún ọmọ tí ó kan ilẹ̀kùn, a fi fún ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú lánàá. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde lọ jẹun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò rìn jìnnà sí ọ̀nà àwọn baba wọn tó bí wọ́n ti rò, tàbí tó bí àwọn àgbà ti ń fi wọ́n sùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ń san owó. Ìyàtọ̀ náà kò kéré, a ó sì padà dé orí rẹ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn àgbà kò ṣàìnídìí. Ìyá Yorùbá tí ó ń na ọmọ nítorí pé ó jẹun ní ilé onílé kò ṣe é nítorí ahun. Ó mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun mọ bí a ti ń kó ẹnu ní ìjánu. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ni ó ń fún ọmọ yẹn lówó ní kùtùkùtù kí ó lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìbátan wọn. Àwọn tí ń ta oúnjẹ sísè ti wà ní ìlú Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì: ẹlẹ́kọ, alákàrà, ẹlẹ́wà, àti àwọn tí ń gbé igbá lọ pàdé àgbẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ọ̀rọ̀ náà búkà pàápàá, ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gbà á. Bukka ni wọ́n ń pe àtíbàbà tí a fi koríko ṣe. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ohun àjèjì ti pẹ́ tí ó ti ń fi orúkọ àjèjì pe ibi tí ó ti ń jẹ iyán.

Ohun tí ó burú ju owó tí a ná àti wọ̀bìà lọ ni ẹ̀gàn. Kí a mú irú fún àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ń ṣe irú a máa se èso náà fún wákàtí púpọ̀, a máa gún un tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè kúrò, a ó tún un sè, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi mú òórùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jáde. Èso igi kan náà, iṣẹ́ kan náà, ni àwọn Haúsá fi ń ṣe dawadawa, tí àwọn Bambara fi ń ṣe sumbala, tí àwọn Wolof fi ń ṣe nététu. Síbẹ̀ a ń rí ọmọ Yorùbá tí ó ń di imú mọ́ra bí ó bá kọjá níwájú ìyá tí ń ta dawadawa, tí yóò sì padà sílé ní alẹ́ láti lá ìka nídìí ọbẹ̀ irú. Bí ó bá fetí sílẹ̀ díẹ̀, yóò gbọ́ pé alele tí ọmọ Haúsá ń jẹ kò jìnnà sí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń pe mọ́ínmọ́ín. Yóò sì rí i pé akamu àwọn Ígbò àti koko àwọn Haúsá kò yàtọ̀ sí ògì tí wọ́n fi tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí oúnjẹ jọra kí a tó bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ń gan ohun tí ó wà nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ gan-an, a mọ̀ dájú pé kì í ṣe ahọ́n rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ni ó kọ́ ọ.

A kì í bí ọmọ pẹ̀lú ìríra oúnjẹ ẹ̀yà kan. Ọmọ tí ó ń rákò a máa ki ohun gbogbo bọ ẹnu, àwọn àgbà ni ó ń sọ fún un pé èyí kò dára. Ẹni tí ó ń fi ayọ̀ jẹ èsúnsún ní àkókò òjò lè máa wo ẹni tí ó ń jẹ kòkòrò inú ọ̀pẹ bí ẹni ẹ̀gbin, kò sì ní ìdí kan tí ó lè fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí kò ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe nílé àwọn.

Àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àníyàn níbí yìí pé, bí a bá ń sọ báyìí, ṣé kí Mùsùlùmí máa jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni? Ṣé kí gbogbo èèwọ̀ di òfo? Àníyàn yìí tọ́ kí a dá a lóhùn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Èèwọ̀ ń sọ pé, èmi kì í jẹ ẹ́. Ẹ̀gàn ń sọ pé, ènìyàn gidi kì í jẹ ẹ́. Àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé wọ́n ń bú adẹ́mu ní ojú ọ̀nà. Nínú agboolé Yorùbá àtijọ́, olúkúlùkù ìyàwó ni ó ń mú èèwọ̀ ìdílé baba rẹ̀ wá láti ilé, àwọn ọmọ ọkọ sì ní tiwọn. Ìyàwó kan lè máa se ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní fi kan ahọ́n títí yóò fi kú, kí ó sì sè é kí ó dùn, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Agboolé kan ni, ẹnu rẹ̀ kò ṣọ̀kan, ilé náà kò sì tú. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ó jáde láti inú irú agboolé bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ pé àwọn kò lè bá ẹ̀yà kan gbé nítorí oúnjẹ wọn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ọdún kan láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Ètò náà ti so ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, àní ní ti ìgbéyàwó pàápàá. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn dé Ṣókótó, kò lè gbé ẹnu rẹ̀ débẹ̀. Àgùnbánirọ̀ tí ó bá di gàrí àti èlùbọ́ ọdún kan mọ́ ẹrù, tí ó ń dá iná lójoojúmọ́ nínú yàrá rẹ̀, tí ó sì ń ka ọjọ́ tí yóò padà sílé, kò tíì kúrò nílé rárá.

Ṣé kí ènìyàn ṣáà ti jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn? Rárá o. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde lọ jẹun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò gbọdọ̀ rò pé ahọ́n nìkan tó fún iṣẹ́ yìí. Ìtàn àkàrà ní ilẹ̀ Bràsíìlì fi èyí hàn gbangba. Àwọn obìnrin tí a kó lẹ́rú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó gbé àkàrà dé Bàhíà, níbi tí ó ti di acarajé, tí wọ́n ń fi epo pupa dín títí di òní. Wọ́n ń gbé igbá oúnjẹ kiri ìgboro Salvador, wọ́n ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú owó náà fún olówó wọn, àwọn kan sì fi ìwọ̀nba tí ó kù ra ara wọn padà kúrò lóko ẹrú. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà jẹ́ nínú ẹ̀sìn wọn. Gbogbo ìlú ni ó ń rà á jẹ. Síbẹ̀, nínú ìlú kan náà, ọlọ́pàá ń ya wọ inú ilé òrìṣà àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọ́n ń kó ìlù àti ohun ìbọ wọn lọ, títí di ọdún 1976 ni àwọn ilé òrìṣà ní Bàhíà sì ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún wọn. Ọdún 2005 ni ìjọba Bràsíìlì wá kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ àkàrà náà títí di ìgbà tí a bu ọlá fún ọwọ́ tí ó dín in, a lè ka ìran bíi mélòó kan. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ènìyàn fẹ́ràn oúnjẹ kí ó sì máa ni ẹni tí ó sè é lára. A kò sì ní láti dé Bàhíà kí a tó rí i. Ẹni tí kò lè sùn ní òpin ọ̀sẹ̀ láìjẹ súyà lè jẹ́ ẹni kan náà tí ó kọ̀ láti fi yàrá háyà fún ọmọ Haúsá.

Ohun tí ó kù tí ahọ́n kò lè ṣe ni ìbéèrè. Ẹni tí ó ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tí ó jẹ ẹ́ tán tí ó sì lọ, ó jẹ wàrà ni, kò mọ nǹkan kan. Bí ó bá dúró bi í léèrè, yóò gbọ́ pé oje bomubómu, ewé kan tí àwọn ẹlòmíràn ń kà sí igbó lásán lẹ́yìn ilé, ni a fi sínú omi ọmú màlúù tí ó ń gbóná kí ó tó lè dì. Yóò mọ ìgbà tí màlúù ń ṣe omi ọmú púpọ̀ àti ìgbà tí ó ń gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ nípa ọmọ obìnrin náà tí kò sí ní ilé-ìwé, kí ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ibi yìí ni owó ti fi ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tí a fún ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ pé òun jẹ gbèsè ọ̀yàyà. Ẹni tí ó sanwó rò pé gbèsè ti tán. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn aráàlú fi ń pe olóúnjẹ ní Mama Put: oníbàárà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ó fi díẹ̀ kún un.

Ní ti ìnáwó, òótọ́ ni àwọn àgbà wí. Owó oṣù olùkọ́ kì í tó, kò sì sí ọgbọ́n nínú kí ènìyàn fi gbogbo rẹ̀ jẹ ẹja ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí kí a lè ya fọ́tò rẹ̀. Oúnjẹ aládùúgbò kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́rọ̀ kan bá sì fẹ́ sanwó fún gbogbo tábìlì, kí olùkọ́ rántí pé ẹnu tí ó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo, kí ó san ti àwo tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà kejì ni iṣẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀ràn yìí ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní ọdún tuntun, yóò rí i pé ìrẹsì àti adìẹ ni ọ̀pọ̀ jù lọ yóò kọ. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ní ti àwọn mìíràn, ojú ni ó ń tì wọ́n láti kọ ohun tí wọ́n jẹ gan-an, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí a bá kà á sókè, kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹ́tí sí ju àròkọ lọ, àti sí ẹni tí ó kọ́kọ́ rín in. Bí olùkọ́ náà bá sì jẹ́ ẹni tí a gbé wá láti ìlú mìíràn, kí ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ń wò ó ní ọjà. Wọ́n rí ohun tí ó rà, wọ́n rí ohun tí ó kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú imú dídì, wọ́n sì ti mọ ohun tí ó rò nípa àwọn òbí wọn kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá owó jọ yóò dé búkà ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Obìnrin tí ó ni búkà náà ti wà nídìí iná láti ìdájí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń fọ àwo lẹ́yìn. Wọn yóò jẹ, ọbẹ̀ yóò dùn mọ́ wọn, wọn yóò bi í pé ewé wo ni ó fi sè é, yóò sì fi ewé náà hàn wọ́n. Wọn kò tíì bi í bóyá òun náà ti jẹun.